Bí Ẹgbẹ́ Aṣèrànwọ́ Ìlú Ṣe Lè Ṣètò Àyẹ̀wò Ojú Ọ̀fẹ́

Ẹgbẹ́ tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ bí ogún tàbí ọgbọ̀n, tí wọ́n ń dá owó lóṣooṣù, tí wọ́n sì ti pinnu láti máa ṣe iṣẹ́ àánú kan fún ìlú wọn lọ́dọọdún, kì í pẹ́ kí ẹnìkan nínú ìpàdé tó ní kí wọ́n pín ìrẹsì. Kò sí ẹni tí yóò kọ ìrẹsì, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni yóò ti tán nílé ẹni tí a fún. Àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ tí agbára ẹgbẹ́ kékeré ká, tí àǹfààní rẹ̀ sì ń pẹ́ lára ẹni, nítorí gíláàsì ìkàwé kan péré lè dá aránṣọ tí kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Àlàyé yìí bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí èrò náà bá kọ́kọ́ wọ ìpàdé, ó sì dé oṣù mélòó kan lẹ́yìn ọjọ́ àyẹ̀wò, nítorí pé ẹ̀yìn ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti ń nípọn jù, ìgbà náà gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ká kánópì wọn tí wọ́n ti lọ sílé.

Kí ẹgbẹ́ máa gbé ẹrù ìlú kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí à ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tí Awùjalẹ̀ Sikiru Adétọ̀nà sọ jí nígbà ayé rẹ̀, máa ń ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè fún ìlú yàtọ̀ sí aṣọ olówó iyebíye tí ayé mọ̀ mọ́ wọn ní Ojúde Ọba. Láti òkè òkun ni àwọn ẹgbẹ́ bíi Rotary, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1905, àti Lions, tí Melvin Jones dá sílẹ̀ ní ìlú kan náà ní ọdún 1917, ti wá bá wa. Ọ̀rọ̀ ojú kan Lions gidigidi: ní ọdún 1925, Helen Keller, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn láti kékeré, lọ sí àpéjọ wọn ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n di jagunjagun fún àwọn afọ́jú. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ojú ti di iṣẹ́ tí a fi ń dá wọn mọ̀, àwọn náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ Ọjọ́ Ìríran Àgbáyé, tí ó máa ń bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù kẹwàá. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní orúkọ ńlá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn lè ṣe iṣẹ́ kan náà, bí ó bá ti mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ìdí tí ojú fi yẹ ní yíyàn hàn nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹni mẹ́rin ni ó fọ́jú. Cataract, ìyẹn àìsàn tí ń mú kí inú ẹyinjú funfun bí ẹni pé ìkùukùu bò ó, ni ó fa ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú náà, glaucoma tí ó ń jẹ ojú láìrora sì fa nǹkan bí ìdá 17. Iṣẹ́ abẹ lè mú ojú cataract padà bọ̀ sípò. Ohun tí glaucoma bá ti gbà lọ kì í padà, àmọ́ a lè dá ohun tí ó kù dúró. Ìyàtọ̀ àárín àìsàn méjèèjì yìí ni kí ẹgbẹ́ fi sọ́kàn jálẹ̀ ètò náà, nítorí pé òun ni yóò sọ bí a ó ṣe ná owó.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ará ìlú

Kí alága tó kọ lẹ́tà kankan, kí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ lọ kí Baálẹ̀, kí wọ́n lọ bá Ìyálọ́jà, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ aránṣọ àti ti awakọ̀, àti nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò. Ẹ má ṣe bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ àyẹ̀wò ojú, nítorí kò sí ẹni tí yóò ní òun kò fẹ́ ohun ọ̀fẹ́. Ẹ bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni àwọn ènìyàn wọn ti fi sílẹ̀ nítorí ojú, ibo ni wọ́n ń lọ nígbà tí ojú bá ń dùn wọ́n, àti ta ni ó ti ṣe irú ètò yìí rí níbẹ̀ àti bí ó ti parí sí. Nọ́ọ̀sì yóò sọ òtítọ́ tí Baálẹ̀ lè fi ọ̀wọ̀ pa mọ́, pàápàá nípa àwọn tí ń kán omi ṣúgà, ọmú ìyá tàbí ìtọ̀ sójú kí wọ́n tó wá sílé ìwòsàn. Bí ó bá hàn láti inú ìdáhùn wọn pé omi mímu ni ìṣòro wọn àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi owó náà tún ẹ̀rọ omi tí ó bàjẹ́ ṣe, dípò kí ó máa yẹ ojú àwọn tí ń pọn omi ẹrẹ̀ wò.

Ọjọ́ tí ẹ ó mú gba ìrònú díẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì kò dára nítorí Jímọ̀ọ́, ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ ti àwọn ìjọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó sábà máa ń bọ́ sí i, bí kò bá ti jẹ́ ti ìparí oṣù níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìmọ́tótó àyíká, tí kò sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nítorí àwọn ìyá àgbà tí ojú wọn ń ṣe wọ́n ni wọ́n pọ̀ jù lọ lórí ìsọ̀. Ìkéde ní mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, àti agogo lílù ní ìlú kékeré, ń mú àwọn àgbà jáde ju ìwé àlẹ̀mọ́gi èyíkéyìí lọ.

Owó: ìdajì fún ọjọ́ náà, ìdajì fún ẹ̀yìn rẹ̀

Èyí ni ìmọ̀ràn tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a óò sọ. Iye yòówù tí ẹgbẹ́ bá rí kó jọ, kí ó pín in sí méjì ọgbọọgba, kí ó fi ìdajì pa mọ́ fún àwọn tí àyẹ̀wò yóò fi hàn pé wọ́n nílò iṣẹ́ abẹ, oògùn tàbí owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá. Ẹgbẹ́ tí ó bá ná gbogbo owó rẹ̀ sórí kánópì, oúnjẹ àlejò, aṣọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò wá di ẹni tí ń sọ fún ìyá arúgbó pé ojú rẹ̀ ń fọ́, tí kò sì ní ohun kan láti ṣe sí i. Ó sàn kí a má ṣe pe ìyá náà rárá. Bí ìdajì owó yín kò bá tó láti ṣètò ọjọ́ náà fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ẹ ṣètò rẹ̀ fún àádọ́ta.

Kí owó wọ àpò ẹgbẹ́ ní báńkì, kì í ṣe àpò akápò tàbí ti alága, kí ó sì jẹ́ pé ẹni méjì nínú mẹ́ta ni yóò fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Báńkì yóò béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ apá F òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ni kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kí akápò máa já rìsíìtì fún gbogbo ọrẹ, títí kan ti ẹni tí ó mú páálí omi méjì wá, kí ó sì kọ nǹkan tí kì í ṣe owó sínú ìwé pẹ̀lú iye tí a bá fi rà á lọ́jà. Èèyàn tí ó bá rí orúkọ rẹ̀ àti ọrẹ rẹ̀ nínú ìròyìn ọdún yìí kì í ṣòro láti bá sọ̀rọ̀ lọ́dún tí ń bọ̀.

Àwọn olóṣèlú yóò wá, pàápàá bí ìdìbò bá ń súnmọ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ẹgbẹ́ gba owó lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé kò ní sí àwòrán ẹnikẹ́ni lára àpò gíláàsì, àti pé kò ní sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ ìbò níwájú àwọn tí ó tò sórí ìlà. Ẹni tí kò bá gba àdéhùn yìí, kí a fi ọ̀wọ̀ dá owó rẹ̀ padà.

Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà máa ń fẹ́ fi gíláàsì àlòkù ránṣẹ́. Inú rere ni ó ń ṣe wọ́n, àmọ́ ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kó o sínú àpótí. Ojú ẹnìkan ni wọ́n gé gíláàsì onínọ́ńbà fún, ojú ọ̀tún àti ti òsì sì lè má dọ́gba nínú rẹ̀. Kí a tó lè fún ẹlòmíràn, a ní láti fi ẹ̀rọ wọn agbára rẹ̀, kí a fọ̀ ọ́, kí a tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kí a sì wá rí ẹni tí ojú rẹ̀ bá a mu. Àwọn Lions ní ibùdó tí wọ́n kọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òkè òkun. Ẹgbẹ́ tiyín kò ní in. Kí wọ́n fi owó tí wọn ì bá fi sanwó ẹrù ránṣẹ́, kí ẹ sì fi ra gíláàsì ìkàwé tuntun.

Àwọn oníṣẹ́ ojú àti àdéhùn ilé ìwòsàn

Ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ inú ojú wò tàbí sọ àìsàn tí ó wà níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó mọ̀wé tó. Optometrist, ìyẹn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí ó kọ́ nípa yíyẹ ojú wò àti fífún ènìyàn ní gíláàsì, ni iṣẹ́ náà tọ́ sí, kí ẹ sì rí i pé orúkọ ẹni tí ẹ pè wà nínú ìwé àjọ tí ìjọba fi ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń bọ̀.

Kí ẹ tó kéde ọjọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ ojú, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn aláṣẹ rẹ̀, kí ẹ sì gba àdéhùn lórí ìwé: iye tí wọn yóò gbà fún iṣẹ́ abẹ cataract kan, ohun tí iye náà kó mọ́ra, ọjọ́ tí wọn yóò ya sọ́tọ̀, àti orúkọ òṣìṣẹ́ tí àwọn aláìsàn yín yóò bá. Béèrè ní pàtó bóyá lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi sínú ojú, oògùn ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ àti àyẹ̀wò àpadàwá wà nínú owó náà. Nígbà tí ẹ bá ti mọ iye owó kan, ẹ ó mọ iye ènìyàn tí ìdajì owó yín lè gbé, ẹ ó sì mọ ohun tí ẹ lè ṣèlérí.

Àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn

Ọ̀sán kan tó láti kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda ní iṣẹ́ tí ó kàn wọ́n. Ohun tí wọ́n máa ń ṣì ṣe jù ni pátákó tí a fi ń wọn ìríran. Mítà mẹ́fà ni àyè gbọ́dọ̀ wà láàárín pátákó náà àti àga ẹni tí a ń yẹ̀ wò. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi ẹfun fàlà síbẹ̀, kí àga má bàa máa sún síwájú díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ lo pátákó tí ó ní lẹ́tà E nìkan tí ó kọjú sí òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, kí ẹni tí kò kàwé lè fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà náà kọjú sí láìsí ìtìjú. Ojú kọ̀ọ̀kan ni a ń wọ̀n lọ́tọ̀, èkejì yóò sì wà ní bíbò pẹ̀lú páálí, kì í ṣe pẹ̀lú ìka ọwọ́ tí èèyàn lè yọ́jú láàárín rẹ̀.

Ẹni tí kò bá ríran dáadáa, kí a fún un ní káàdì dúdú tí a dá ihò tíńtín sí láàárín, kí ó wo pátákó láti inú ihò náà. Bí ó bá ríran sí i, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé gíláàsì ni ojú náà ń fẹ́. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ó ṣeé ṣe kí àìsàn wà nínú ojú. Ẹ kọ ìyẹn sí káàdì tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, ẹ má sì sọ fún un, nítorí pé optometrist ni yóò sọ ọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé dára ju abẹ́ kánópì lọ fún pátákó, nítorí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í yí padà bí oòrùn ṣe ń yí. Kánópì wà fún àwọn tí ń dúró, pẹ̀lú àga àti omi.

Ìṣirò iye ènìyàn kò le. Bí optometrist bá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ẹnìkan, ẹni mẹ́fà ni yóò rí ní wákàtí kan, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán sì jẹ́ ẹni 36. Optometrist mẹ́ta yóò rí ẹni 108 bí wọn kò bá sinmi, wọn yóò sì sinmi. Nítorí náà, ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì onínọ́ńbà, ẹ pín in láti ọwọ́ Ìyálọ́jà, imáàmù, pásítọ̀ àti nọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì fi díẹ̀ pa mọ́ fún àwọn àgbà tí wọn yóò wá láti oko láìgbọ́ ìkéde. Ìlà tí kò ní nọ́ńbà ni ó ń di ìjà, àwọn tí ara wọn le sì ni ó ń borí nínú rẹ̀.

Níbi tábìlì àkọ́kọ́, ẹ gba orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò àti nọ́ńbà fóònù, pẹ̀lú nọ́ńbà ọmọ tàbí aládùúgbò fún ẹni tí kò ní fóònù. Láìsí nọ́ńbà yìí, kò sí iṣẹ́ ẹ̀yìn ọjọ́. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀ náà. Lẹ́yìn pátákó, ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ka ìlà tí a kọ 6/12 sí lára pátákó láìsí ìnira, tí ojú kò dùn tàbí pọ́n, tí kò sì sí afọ́jú nínú ìdílé rẹ̀, lè máa lọ sílé. Gbogbo àwọn yòókù yóò dé ọ̀dọ̀ optometrist. Bí ó bá fẹ́ kán oògùn tí ń la ọmọlójú sí ẹnìkan lójú, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ẹni náà ṣe dé ibẹ̀, nítorí ojú náà yóò ṣú fún wákàtí mélòó kan, kò sì gbọdọ̀ gun ọ̀kadà rẹ̀ padà.

Nípa àwòrán yíyà: kí a ya àwọn olùyọ̀ǹda, kí a ya tábìlì àti pátákó, ṣùgbọ́n kí a má ṣe ya ojú aláìsàn láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tí a gbọdọ̀ fi ìṣọ́ra mú. Kódà bí kò bá sí òfin, àgbàlagbà tí ó na ọwọ́ gba gíláàsì níwájú kámẹ́rà, tí alága sì di ìdí kejì gíláàsì náà mú títí oníkámẹ́rà fi tẹ́ lọ́rùn, mọ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣe ìpolówó.

Gíláàsì ìkàwé

Láti bí ogójì ọdún ni lẹ́ńsì inú ojú ti ń le, tí ohun tí ó súnmọ́ni kì í fi hàn kedere mọ́, gíláàsì ìkàwé sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ ra èyí tí agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti +1.00 títí dé +3.50, kí èyí tí ó pọ̀ jù wà láàárín +1.50 sí +2.50. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogójì sábà máa ń fẹ́ +1.00 tàbí +1.50, ẹni tí ó lé ní àádọ́ta ń fẹ́ nǹkan bí +2.00, ẹni ọgọ́ta ọdún sì ń fẹ́ +2.50. Ìtọ́sọ́nà lásán nìyẹn, nítorí iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe ṣe pàtàkì. Ẹ fi ohun tí ó mọ̀ dán an wò: kí aránṣọ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kí ìyá tí ń ta ìrẹsì ṣa òkúta inú rẹ̀, kí àwọn tí ń ka Bíbélì tàbí Àlùkùráánì mú tiwọn wá láti ilé. Kí optometrist sì fọwọ́ sí nọ́ńbà tí a bá fún un.

Ẹ ṣàlàyé fún un pé ohun ìtòsí ni gíláàsì yìí wà fún. Bí ó bá wọ̀ ọ́ tí ó wo ọ̀nà jíjìn, ojú yóò ṣú, ẹni tí kò bá sì mọ̀ yóò rò pé wọ́n fún òun ní ayédèrú, yóò sì sọ ọ́ sínú àpótí. Kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ sọdá títì.

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ jíròrò bóyá kí ó gba owó táṣẹ́rẹ́ lórí gíláàsì. Èrò tèmi ni pé kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹgbẹ́ sì fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé fún ẹni tí tirẹ̀ bá fọ́, kí ẹni náà san iye tí a rà á. Bẹ́ẹ̀ ni owó náà yóò máa ra òmíràn.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí akọ̀wé àti ẹni méjì jókòó ti àwọn káàdì, kí wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ti parí, àwọn tí ó nílò iṣẹ́ abẹ, àti àwọn tí optometrist fura pé wọ́n ní glaucoma. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kan gba orúkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó jẹ́ òun ni yóò máa pè wọ́n títí ìtọ́jú wọn yóò fi parí.

Ẹni tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò ní ṣàìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù náà sì sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Ẹ lọ bá ìdílé náà nílé, kí ẹ mú ẹni tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ náà fún rí dání bí ẹ bá rí i, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò wọlé ju ti dókítà lọ. Ẹ bá wọn wá ọkọ̀, kí ẹnìkan sì bá aláìsàn lọ kí ó sì bá a bọ̀. Ẹni náà gbọdọ̀ padà sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní gbogbo ọjọ́ tí dókítà bá dá, owó ọkọ̀ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sì wà lára ìdajì owó tí a fi pa mọ́.

Ti glaucoma ṣòro jù. Oògùn àkánsójú rẹ̀ jẹ́ ti ojoojúmọ́ títí ayé, ẹgbẹ́ kankan kò sì lè ra ìyẹn fún èèyàn púpọ̀. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ìgò kan kí ẹ sì fi í sílẹ̀, nítorí yóò rò pé òun ti gba ìtọ́jú. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, kí ẹ san owó àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kí ẹ sì bá àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó kí wọ́n mọ iye tí oògùn náà yóò máa ná wọn lóṣù. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà àti àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí àwọn náà lọ yẹ ojú wọn wò, nítorí àìsàn yìí máa ń rìn nínú ìdílé, ojú wọn sì lè máa lọ láìjẹ́ pé ohun kankan ń dùn wọ́n.

Ní oṣù kẹta, kí akọ̀wé ka ìròyìn níwájú ẹgbẹ́, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Baálẹ̀, nọ́ọ̀sì àti gbogbo ẹni tí ó dáwó. Kí ó sọ iye ènìyàn tí ó wá, iye tí a rán lọ sí ilé ìwòsàn, iye tí ó dé ibẹ̀ ní tòótọ́, àti iye tí ojú wọn ti là. Àlàfo àárín àwọn tí a rán àti àwọn tí ó dé ibẹ̀ ni kí ìjíròrò dá lé jù. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí kò lọ sínú ìwé ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ìdí tí olúkúlùkù wọn sọ, kí akọ̀wé fà á lé àwọn olóyè ẹgbẹ́ tuntun lọ́wọ́, kí àwọn olóyè náà sì tún pe àwọn tí kò lọ kí wọ́n tó mú ọjọ́ fún ètò mìíràn.